Ẹni Tó Ń Ṣí Géètì De Ìyàwó Rẹ̀

Bí mo bá gbọ́ ìró géètì onírin, olùkọ́ tó kọ́ wa ní ìmọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ni mo máa ń rántí. Ó ní àwọn onímọ̀ kan ń wá ìdí ìwà ẹni lọ sí ìgbà èwe, àwọn mìíràn ń wá a lọ sínú èrò ọkàn. Òun ò gba ìkankan. "Ohun tójú bá rí ni kẹ́ ẹ kọ sílẹ̀," ó máa ń wí.

Ìyàwó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ ọṣẹ kan l'Ọ́tà. Tí fèrè ìṣíwọ́ iṣẹ́ ibẹ̀ bá ti dún nírọ̀lẹ́, olùkọ́ á lọ ṣí géètì dè é. Ìyàwó náà kú, síbẹ̀ olùkọ́ kò yé ṣí i. Ó ní ara òun ló ti mọ́ ọn, bí ajá tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ tó bá gbọ́ agogo oúnjẹ. Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ náà kógbá wọlé, fèrè dákẹ́, òun náà sì ṣíwọ́.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ kí i nílé rẹ̀ yẹn ní Itele, nítòsí Ọ́tà. Bí a ṣe jókòó nírọ̀lẹ́, ajá rẹ̀ ṣàdédé sáré lọ sídìí géètì, ó ń ju ìrù.

"Fèrè yẹn ṣì mọ́ ajá yín lára, sà," mo ní.

"Fèrè ti dákẹ́ kí n tó ra ajá yìí."

Ó dìde, ó lọ ṣí géètì. Ó bi mí pé, "Kí lo rí?"

"Mi ò rí nǹkan kan, sà."

"Èmi náà ò rí nǹkan kan."

Síbẹ̀ ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó fẹ́ kí ẹnìkan kọjá wọlé, ó dúró díẹ̀, kó tó ti géètì.