Ìhà Ẹlẹ́dẹ̀ Tí Bàbá Wa Ṣọ́

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá wa fi ṣe aṣọ́nà ní iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ìdérí ìgò. Ẹnikẹ́ni ò jí ìdérí kan ṣoṣo gbé lójú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ ohun tí olè fẹ́ fi ìdérí tí kò ní ìgò ṣe. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n gbé àga wá sẹ́nu ọ̀nà ilé wa, wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ. Gbogbo wa ni wọ́n ń yẹ àpò wa wò. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí Màmá ṣàlàyé ibi tí wọ́n ń gbé àlùbọ́sà mẹ́ta lọ, Màmá kó ẹrù, ó di ilé ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin. Wọ́n ní ọkọ làwọn fẹ́, àwọn ò fẹ́ aṣọ́nà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, Bàbá rù hangogo. Àánú wọn ń ṣe mí, inú wọn sì tún ń bí mi. Ni wọ́n bá ránṣẹ́ sí Màmá pé kí wọ́n wá jẹun ní aago méjì ọ̀sán Sátidé, pé àwọn fúnra àwọn làwọn máa yan ìhà ẹlẹ́dẹ̀, ẹran tí Màmá kì í gbọ́ orúkọ ẹ̀ láìdá itọ́ mì.

Kí n má purọ́, wọ́n ṣiṣẹ́. Wọ́n to èédú sísàlẹ̀ àgbá onírin tí wọ́n là sí méjì. Wọ́n bó awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ẹ̀yìn ìhà náà kúrò, wọ́n po oyin, tòmátì àti ata gbígbẹ, wọ́n fi ra ẹran lára, wọ́n tẹ́ ẹ sórí wáyà, wọ́n dé e. Aago mẹ́jọ àárọ̀ nìyẹn. Aládùúgbò kan ti sọ fún wọn pé àṣírí ẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má ṣí ìdérí títí ẹran á fi jinná. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ìyẹn, ara wọn yá gágá. Iṣẹ́ dé. Wọ́n wọ aṣọ iṣẹ́ àtijọ́ tòun ti fìlà, wọ́n gbé àga síwájú àgbá, wọ́n jókòó tì í.

Ní aago mẹ́wàá, mo ní n kò rí èéfín. Wọ́n ní ẹran tó dáa kì í kánjú. Nígbà tó di aago méjìlá, obìnrin tó ń gbé òkè wa yọjú lójú fèrèsé pé òun ò gbọ́ òórùn kankan. Bàbá ní ìyẹn fi hàn pé kò síbi tó ń jò. Mo nawọ́ sí ìdérí, wọ́n bi mí pé ta ló fún mi láṣẹ. Mo wọlé lọ, mo ń kùn.

Aago méjì ti kọjá dáadáa kí Màmá tó dé. Àpò ọwọ́ kékeré nìkan ni wọ́n gbé, bí ẹni tó fẹ́ tètè lọ. Wọn ò jókòó. Wọ́n kọjá lára Bàbá, wọ́n ṣí ìdérí àgbá. Ẹran náà tutù, ó pọ́n wẹ̀, kò yàtọ̀ sí bí alápatà ṣe tà á. Èédú wà lábẹ́ ẹ̀, dúdú kirikiri. Kò sẹ́ni tó dáná sí i.

Mo fọwọ́ bo ẹnu. Mo gbà pé Màmá ò ní padà wálé mọ́.

"Bàbá ọmọ mi," Màmá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "wákàtí mẹ́fà. Kí lẹ wá ń ṣọ́?"

Bàbá wo èédú náà, wọ́n ṣí fìlà.

"Ojú ọ̀nà ni mò ń wò," wọ́n ní. "Láti àárọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá o máa wá."

Màmá ní kí n mú ìṣáná wá. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n dáná sí èédú. Wọ́n ní irú ẹran báyìí, tí a bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nísìnyí, kò lè jinná kí ọkọ̀ ìkẹyìn tó máa gbé àwọn padà tó lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rán mi sílé ẹ̀gbọ́n wọn, pé kí n lọ kó ẹrù àwọn wá, gbogbo ẹ̀.