Ìgò Méjì Ojú Fèrèsé

Ìka méjì ni Hàjàrá fi máa ń mú un. Á tì wọ́n bọ ẹnu ìgò, á fa kóró dúdú náà jáde, á kà á sí àtẹ́lẹwọ́: méje. Bó bá di mẹ́jọ, á dá ọ̀kan padà. Á ju ìyókù sẹ́nu, á dijú, á rún un.

Ogójì ọjọ́ rèé tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Orúnkún ló fà á. Láti ìgbà ààwẹ̀ ló ti ń fi ọ̀pá rìn, tó ń jókòó sórí àga kírun, ó sì ń wù ú kí iwájú orí òun tún kanlẹ̀. Nafisah tó ń ta hàbátù-sáódà, kóró dúdú ọ̀hún, ládùúgbò Pósí-Ọ́fíìsì ló ní kó gbìyànjú ẹ̀ wò, pé àwọn àáfáà ní kò sí àrùn tí kò lè wò sàn, àfi ikú.

Láàárọ̀ yìí, Hàjàrá forí kanlẹ̀, ó sì dìde. Ó tún un ṣe, bóyá àlá ni.

Ó ṣì ń dá rẹ́rìn-ín nígbà tí Shehu, ọkọ rẹ̀, ti ẹ̀yìnkùlé wọlé pẹ̀lú èéhù kan lọ́wọ́.

"Ìyá Rahama, wò ó. Àlùbọ́sà wo ló ń yọ ewé bí irun àgùntàn?"

"Ẹ̀yin lẹ gbìn ín, Bàbá Rahama. Ẹ bi í."

"Kóró àlùbọ́sà tí mo dà sínú ìgò, tí mo gbé sójú fèrèsé, náà ni mo gbìn."

"Ojú fèrèsé yìí? Ìgò tèmi ńkọ́?"

Wọ́n jọ wo fèrèsé. Ìgò kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀. Shehu da díẹ̀ nínú rẹ̀ sẹ́nu, ó rún un pẹ̀lẹ́.

"Àlùbọ́sà rèé."

"Àbájọ tí kò fi korò mọ́. Mo rò pé ó ti mọ́ mi lára ni."

"O ti jẹ odidi ebè kan."

"Ẹ̀yin náà ẹ ti sin oògùn mi láàyè."

Ẹ̀rín pa wọ́n, Hàjàrá di ògiri mú. Nígbà tó rọlẹ̀, Shehu ní, "Orúnkún ọ̀hún ńkọ́?"

Hàjàrá kúnlẹ̀ sórí ẹní, ó forí kanlẹ̀, ó dìde. Kò di nǹkan kan mú.

Shehu fọwọ́ kan ẹ̀yìn ara rẹ̀ níbi tó máa ń dùn ún. Lẹ́yìn náà ó fa ìgò mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta.

"Méje ni o," Hàjàrá wí. "Ẹ má jẹ ebè kejì."

Omi àlùwàlá ṣì kù nínú bùútà. Hàjàrá gbé e, ó gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé lọ bomi rin àwọn ewé bí irun àgùntàn tó kù. Ọ̀pá rẹ̀ wà lára ògiri.