Bàbá Orí Afárá Tó Ń Na Ẹni Tó Bá Kí I

Ọ̀gá Fádípẹ̀ dúró lẹ́yìn mi, ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó ní kí n pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́.

"Títáìpù ni mo ní kí o máa kọ́ àwọn ènìyàn," ló wí. "Mi ò ní kí o máa sin ejò sínú ẹ̀rọ mi."

Ejò náà kì í tilẹ̀ ṣe ejò. Lẹ́tà S aláwọ̀ ewé kan ṣoṣo ni, tó ń fò káàkiri lórí ojú dúdú. Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fò, inú mi sì dùn débi pé mo máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá rántí rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Nǹkan bí ọdún 1995 ni, ní ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà wa ní Ọ̀wọ̀. Ẹ̀rọ mẹ́rin la ní. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ géèmù. Ìwé ìtọ́nisọ́nà kan ni mo rí nínú àpótí, tí ogójì ojú ìwé àkọ́kọ́ ti ya kúrò lára rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé kọkànlélógójì. Títí di òní, mi ò mọ ohun tó ṣáájú.

Irú géèmù tí mo fẹ́ràn ni èyí tí ènìyàn ti ń di ẹlòmíràn, tó ń rìn nínú ìtàn onítọ̀hún, tó ń bá àwọn tó bá pàdé sọ̀rọ̀, tó sì ń jà bí ìjà bá dé. Nínú tèmi, o jẹ́ arìnrìn-àjò tó ru ebu iṣu láti Ọ̀wọ̀, tó gba Ìdóàní kọjá, tó ń lọ bá ìyá àgbà rẹ̀ ní Afo kí òjò tó dé.

Mo bẹ Ọ̀gá títí. Ó wá fún mi di Sátidé tí a ó ṣílẹ̀kùn fún àwọn ará ìlú láti wá wo iṣẹ́ wa. Bí àlejò bá jókòó sídìí géèmù mi tí kò fẹ́ dìde, ó dúró. Bí wọ́n bá ń dìde, èmi fúnra mi ni màá pa á rẹ́ níṣojú rẹ̀. Mi ò sì ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn.

Ènìyàn méjì ló kọ́kọ́ bá mi dán an wò. Alíù ni wẹ́dà tó ń jó irin ní òdìkejì títì. Màmá Tísà ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ó ń kọ́ títáìpù kó lè máa tẹ ìwé ìkéde ìjọ.

Géèmù mi àkọ́kọ́ ní ojú ewé méjìlélógún tí ènìyàn máa kà nípa ìyá àgbà kó tó rí ejò kankan. Alíù ka mẹ́rin.

"Àǹtí, ìgbà wo ni màá lu nǹkan?"

Mo ní ó kù díẹ̀. Nígbà tí mo fi máa wẹ̀yìn, orí rẹ̀ ti wà lórí kíbọ́ọ̀dù, arìnrìn-àjò mi sì ti wọ inú igbó lọ, orí Alíù ló ń tì í.

Mo yọ ìtàn kúrò, mo fi ìjà sí gbogbo ìṣísẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Alíù ń gbá kíbọ́ọ̀dù bí ẹni ń tẹ́ irin. Màmá Tísà pa ejò mẹ́sàn-án, ó wá bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ọmọ mi, kí ni àwọn ejò yìí ṣe fún mi?"

Mo dá ìtàn ìyá àgbà padà, mo wọn òun àti ìjà bí ẹni ń wọn aṣọ: ìtàn ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ìjà kan, ìtàn ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ìjà kan. Mo wá fi ọ̀tá tó le jù sí orí afárá, bàbá arúgbó kan tó ń tún afárá ṣe, tó mú igi lọ́wọ́. Bí o bá tẹ K, o kí i. Bí o bá tẹ L, o lù ú. Ohun yòówù tí o bá tẹ̀, lẹ́yìn rẹ ó kan bàbá. Mo rò pé iṣẹ́ ti parí.

Àárọ̀ Sátidé pé, àlejò dé. Alájà kan tó ń ta aṣọ ló kọ́kọ́ jókòó. Ó dé orí afárá, ó tẹ K. Bàbá na igi mọ́ ọn. Alájà rò pé bàbá ò gbọ́, ó tún kí i. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló kí i, ìkẹrin ló pa á.

"Bàbá wo nìyí? Mo kúnlẹ̀ kí i, ó ń fi igi lù mí."

Alíù ní kó tẹ L. Alájà wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Kí n lu àgbàlagbà? Níwájú gbogbo èrò yìí?"

Akọ̀wé kan jókòó, ó kí bàbá, ó kú. Olùkọ́ kan náà kú lórí ìkúnlẹ̀. Alíù ní kí wọ́n sún fún òun, ó jókòó, ó dé ọ̀dọ̀ bàbá, ìka òun náà sì lọ sórí K. Gbogbo wọn dìde. Ọ̀gá nawọ́ sí ẹ̀rọ pé kí n pa á rẹ́.

Mo bẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn ènìyàn yìí ò ní lu bàbá láéláé, kí ni mo wá ń fipá mú wọn fún? Ìlà kọ̀ọ̀kan nínú àṣẹ tí a ń kọ fún kọ̀ǹpútà ló ní nọ́ńbà, a sì máa ń fi àyè mẹ́wàá-mẹ́wàá sílẹ̀ láàárín wọn, kí ohun tí a gbàgbé lè rí ibi wọ̀. Mo ki ìkíni bọ àárín ìlà 640 àti 650: bí o bá ti tẹ K, ìwọ fúnra rẹ ni wàá tẹ ọ̀rọ̀ ìkíni. Bí o bá kí bàbá bó ṣe yẹ, ó gbọ́dọ̀ dáhùn, kò sì lè gbé igi sókè níbi tó ti ń dáhùn. Bí o bá ṣì í kí, igi dé. Lẹ́yìn ìkíni márùn-ún, bàbá á bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́. Ẹni tí kò bá ka ìtàn ìyá àgbà kò ní mọ èsì.

Ẹ̀rín ń pa mí bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Alájà padà jókòó. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń bá a wá ìkíni: ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ìdúró, ẹ kú làálàá. Igi bàbá ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó bi í pé ọmọ ta ni, Alájà ò mọ̀, ó fò ó nígbà tó ń kà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti Ọ̀wọ̀ padà, Alíù tó sùn lójú ewé kẹrin ló ń ka gbogbo rẹ̀ sí i létí sókè. Ìlà àwọn tó fẹ́ jókòó dé ẹnu ọ̀nà.

Ní ọ̀sán, Ọ̀gá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wò ó. Mímì orí ni Ọ̀gá fi máa ń kí wa láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà sì ni. Ó tẹ L, ó kú. Ó tẹ L, ó kú. Ní ìgbà kẹrin, Màmá Tísà ti fi ìwé ìkéde bo ẹnu. Ọ̀gá rọra yí orí sí mi.

"Báwo ni wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ń tún afárá ṣe?"

"Ẹ kú iṣẹ́ ni, sà."

Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bàbá sọ igi kalẹ̀, ó dáhùn. Ọ̀gá sún àga mọ́ tábìlì.

Nígbà tó ṣe, mo ní kó jọ̀ọ́ dìde, àlejò ń dúró. Kò wo ẹ̀yìn. Ó ní kí n lọ da géèmù náà kọ sínú àwọn ẹ̀rọ mẹ́ta yòókù fún wọn, òun ò tíì dé Afo.