Òróró Tí Wọ́n Dà Sí Bíréèkì Mi Kí N Tó Gun Òkè Lọ Sí Sheffield

Wọ́n da òróró sí bíréèkì ọkọ̀ mi, mo bi wọ́n léèrè, wọ́n sì wò mí lójú pé àwọn ò dà á.

Mo fẹ́ sọ ìrìn àjò náà bó ṣe rí, láti ìgbà tí a kúrò nílé ní Crumpsall, ní Manchester, títí a fi padà wọlé, kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè fúnra rẹ̀ mọ ẹni tó jẹ̀bi. Àárọ̀ Sátidé ni, ilẹ̀ ò tíì mọ́. Ìyá mi, tó wá kí wa láti Abẹ́òkúta, ti wọ kóòtù méjì lé ara wọn, ó gbé fúláàsì tíì sórí itan. Ọ̀dọ̀ Ìyá Bọ́sẹ̀ là ń lọ ní Sheffield, ní ìhà kejì òkè. Àwọn méjèèjì jọ kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, wọ́n jọ sùn sí yàrá kan náà, wọn ò sì tíì fojú kan ara wọn láti ìgbà tí Ìyá Bọ́sẹ̀ ti tẹ̀ lé àwọn ọmọ rẹ̀ wá sí ìlú òyìnbó. Àìsàn ti dá Ìyá Bọ́sẹ̀ jókòó báyìí, kò lè rin ìrìn àjò mọ́. Ìyá mi ní tirẹ̀ máa wọkọ̀ òfuurufú padà sílé lọ́jọ́ Ajé. Àfi Sátidé yìí náà ló kù.

Ọkọ̀ tí a gbé kì í ṣe èyí tí mo fi ń lọ síbi iṣẹ́. Ọkọ̀ eré kékeré àtijọ́ ni, ẹlẹ́ni méjì, aláwọ̀ ewé, tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn. Ó ti wà láyé kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tí ìyá mi kọ́kọ́ rí i, ó ní, "Olúmìdé, ṣé kí n máa pe ọkọ̀ yìí ní ẹ̀gbọ́n rẹ ni?"

Bíréèkì onígbá ni wọ́n fi sí i lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nígbà tí wọ́n ṣe é. Ẹ fojú inú wo igbá irin kan tó ń bá táyà yí. Irin méjì tó tẹ̀ bí ilẹ̀ bàtà wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá tẹ bíréèkì, wọ́n á fẹ̀ síta, wọ́n á fi ara ti igbá náà títí yóò fi dúró. Kò sóhun tó ṣe é nílẹ̀ tó tẹ́jú. Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá ń sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè gígùn, ooru á há sínú igbá, bíréèkì á máa gbóná, á sì máa rọ̀ lẹ́sẹ̀ ẹni. Nítorí òkè tó wà láàrin Manchester àti Sheffield gan-an ni mo ṣe yọ ti iwájú méjèèjì dànù, tí mo fi bíréèkì aláwo rọ́pò wọn. Àwo irin pẹlẹbẹ ni èyí, tí páàdì méjì ń fún láàrin bí ìgbà tí èèyàn fi ìka méjì mú bisikíìtì. Gbangba ló wà, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i, ooru kì í há síbẹ̀. Táyà ọkọ̀ yìí sì ní sípóòkù bíi ti kẹ̀kẹ́ ológeere, èèyàn lè nàró lóde kó máa wo àwo náà láàrin wọn.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mo kà ní yunifásítì, ẹ̀rọ ni mo sì ń tún ṣe títí dòní. Ọwọ́ mi ni mo fi ṣe é. Mo fa ọ́ìlì bíréèkì tuntun sí i, mo lé atẹ́gùn jáde nínú páìpù rẹ̀, mo gbé e yí àdúgbò Broughton ká ní ìrọ̀lẹ́ mélòó kan títí páàdì àti àwo fi mọ ara wọn. Ó ń dúró bí ẹni pé wọ́n fi okùn so ó.

Nínú ìjọ wa, ẹni tó bá ra ọkọ̀ tàbí tó tún ọkọ̀ ṣe kì í gbé e lọ sọ́nà jíjìn láì yà sí ṣọ́ọ̀ṣì fún àdúrà. Mo fara mọ́ ọn. A yà síbẹ̀, lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ọjà ní páálí-páálí lójú ọ̀nà Cheetham Hill, níbi tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àdúrà ti ń ṣe ìsìn àárọ̀. Díákónì tó jẹ́ olórí wọn jáde pẹ̀lú ìgò òróró ólífì lọ́wọ́.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ọlọ́run á ṣáájú yín o."

"Àmín, ẹ ṣé o."

Mo ní, "Díákónì, ẹ jọ̀ọ́ sà, orí bọ́nẹ́ẹ̀tì nìkan ni kí ẹ fi òróró sí. Ẹ má jẹ́ kó dé ìdí táyà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bùrọ́dà Olúmìdé, ẹ̀yin oníṣẹ́ ẹ̀rọ yìí. Ṣebí bíréèkì náà ń mu ọ́ìlì?"

"Inú páìpù ni ìyẹn ń gbà, sà. Tí òróró bá kan ojú àwo yẹn, ọkọ̀ ò ní dúró mọ́."

"A ti gbọ́, sà. Ẹ wọlé lọ gbàdúrà."

Èmi àti ìyá mi wọlé, a kúnlẹ̀. Nígbà tí a jáde, wọ́n ti fi òróró ṣe àmì àgbélébùú sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ara táyà iwájú lápá òsì ń dán.

"Sà, ṣé ẹ fi kan táyà ni?"

"Rárá o. Bọ́nẹ́ẹ̀tì nìkan, bí ẹ ṣe wí."

"Ó ń dán, sà."

"Ìrì ni."

Ilẹ̀ ṣì ṣú, òtútù ń mú ìyá mi. Mo fi áńkáṣíìfù nu ara táyà, mo sì wọkọ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí wọ́n ṣe tọ́ wa dàgbà á mọ̀ pé n kò lè dúró níwájú ìyá mi kí n máa bá díákónì tó tó bàbá mi jiyàn lórí ìrì.

A gba ìhà ìlà oòrùn jáde nílùú. Ọkọ̀ ń dúró dáadáa níbi gbogbo iná ojú pópó, ẹ má gbàgbé èyí. Ojú ọjọ́ ti mọ́ nígbà tí a dé Glossop, ìlú kékeré tó wà ní ẹsẹ̀ òkè, tí wọ́n fi òkúta kọ́ gbogbo ilé rẹ̀. A jẹ búrẹ́dì yíyan àti ẹyin nílé oúnjẹ kan tí wọn ò tíì gbálẹ̀ tán. Ìyá mi mu tíì tiwọn, ó ní kò dùn tó ti inú fúláàsì òun, ó sì mu ún tán.

Snake Pass ni wọ́n ń pe ọ̀nà tó gba orí òkè náà kọjá, ìyẹn Ọ̀nà Ejò. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Ó ní, "Wọ́n rí ejò, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n wá tún ń gbà á lọ?"

Lórí òkè lọ́hùn-ún, kò sí igi, kò sí ilé. Koríko pupa rúsúrúsú àti ilẹ̀ dúdú tó ń mu omi bíi kànrìnkàn ló lọ súà. Ìyá mi, tí òkúta ò ṣàjèjì sí lójú, ní òkè tí kò ní igi jọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fárí. Ó tún bi mí léèrè ta ló ni àwọn àgùntàn tó ń jẹ̀ kiri láì sí darandaran. Mo fi àwọ̀ tí wọ́n kùn sí wọn lára hàn án, pé àmì olówó wọn nìyẹn. Ó wo àwọn ògiri òkúta tí wọ́n tò láì lo sìmẹ́ńtì, ó ní tí ẹni tó mọ ilé òun bá mọ ọ́n báyìí, òun ì bá má sanwó sìmẹ́ńtì. Ó ń gbádùn ara rẹ̀. Ó ń sọ nǹkan tí òun àti Ìyá Bọ́sẹ̀ ṣe fún ìyá àgbà tó ń ṣọ́ yàrá wọn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ̀rín ò sì jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, mo tẹ bíréèkì fún kọ́nà àkọ́kọ́. Ó dín eré kù, ṣùgbọ́n ó fà mí díẹ̀ sí apá ọ̀tún. Ìyá mi gbé imú sókè.

"Olúmìdé, ta ló ń dín dòdò lórí òkè yìí?"

Ní kọ́nà kejì mo tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ mi le, bíréèkì le, ọkọ̀ ò dúró. Ó yà sọ́tùn-ún, ìyẹn apá ibi tí ọkọ̀ tó ń bọ̀ ń gbà ní ìlú yìí, táńkà kan sì ń gòkè bọ̀. Mo fa sítíárì padà, mo já jíà sí méjì, ẹ̀rọ ké, mo fa bíréèkì ọwọ́ tó ń di táyà ẹ̀yìn. Ẹnu ọ̀nà oko kan wà lápá òsì. Mo darí ọkọ̀ síbẹ̀. Ìgbà tí bọ́ńpà kan géètì igi ni a tó dúró. Táńkà náà fọn fèrè kọjá lọ. Ìyá mi di fúláàsì mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó ní, "Pa ẹ̀rọ yẹn."

Mo yọ táyà iwájú méjèèjì. Wọ́n ti da òróró sí àárín táyà níbi tí sípóòkù ti pàdé. Bí táyà ṣe ń yí, tí ibẹ̀ ń móoru, ló ń fọ́n òróró náà síta díẹ̀díẹ̀ sójú àwo, títí páàdì fi mu ún yó. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ fi dúró nílùú tí kò dúró lórí òkè. Ti apá òsì pọ̀ ju ti ọ̀tún lọ. Apá òsì ni Díákónì dúró sí.

Awakọ̀ kan tó ń kọjá bá wa pe ọkọ̀ agbọ́kọ̀ nígbà tó dé Glossop, ọkùnrin òyìnbó onírùngbọ̀n kan ló sì wá fi gbé wa. Ó fi ìka kan àwo náà, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Òróró ólífì nìyí. Ta lẹ jọ ń jà?"

Mo ní, "Ṣọ́ọ̀ṣì mi ni. Àdúrà ni wọ́n fi ṣe."

Ó wò mí títí. "Ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, omi ni wọ́n ń lò."

Manchester nìkan ló lè gbé wa lọ. Mo sọ fún ìyá mi pé a lè wọ ọkọ̀ ojú irin láti ibẹ̀ lọ sí Sheffield. Ó ní, "Gbé mi lọ sílé, ọmọ mi. N kò lè gun nǹkan kan mọ́ lónìí." Kò sí nẹ́tíwọ̀kì lórí òkè. Ìgbà tí a padà dé Glossop ló tó lè pe ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Fọláṣadé, èmi ni. N kò lè dé mọ́."

Mo ń gbọ́ ohùn Ìyá Bọ́sẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí. Ohùn náà ti tẹ́ẹ́rẹ́. "Mo ti ní kí wọ́n dirun fún mi," ló sọ. Onírùngbọ̀n náà pa rédíò ọkọ̀ rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo pe Pásítọ̀ wa, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Díákónì dìde láti jẹ́rìí. Ó ní òróró tí àwọn fi ya ọkọ̀ mi sí mímọ́, dé orí táyà, ló gbà wá lọ́wọ́ ikú lórí òkè. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Mo fẹ́ dìde, ìyá mi di ọwọ́ mi mú. "Jókòó." Lẹ́yìn ìsìn, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà.

"Díákónì, ẹ sọ fún mi pé ẹ ò fi kan táyà."

"Bùrọ́dà, ṣé ẹ kú ni?"

Pásítọ̀ wa di èjìká mi mú. Ó ní ká jẹ́ kó tán síbẹ̀, pé ọmọ ilé kan náà ni wá. Ìyá mi wọkọ̀ òfuurufú lọ lọ́jọ́ Ajé láì rí Ìyá Bọ́sẹ̀.

Mo ti ra páàdì mìíràn, mo ti fọ àwo, ọkọ̀ ń dúró. Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi ni pé kí n máa fi ojú ara mi wo ìdí táyà, ẹni yòówù tó bá sọ fún mi pé ìrì ni. N kò bá àdúrà jà. Èmi náà ń gbà á, n ó sì tún lọ gbà á. Ṣùgbọ́n ìjọ ti ra bọ́ọ̀sì tí yóò máa gbé àwọn ọmọdé wá sí ilé ẹ̀kọ́ Ìsinmi, wọ́n sì ti kéde ọjọ́ tí wọ́n máa yà á sí mímọ́. Nítorí náà mo ń béèrè, mo sì fẹ́ ìdáhùn níwájú ìjọ, níbi tí ẹ ti jẹ́rìí. Díákónì, mo sọ fún yín kí ẹ má dà á síbẹ̀. Kí ló dé tí ẹ fi dà á? Nígbà tí mo bi yín, tí ẹ ṣì lè sọ òótọ́ kí n fi ọkọ̀ sílẹ̀, kí ló dé tí ẹ fi purọ́? Pásítọ̀, ẹ gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu mi. Ta ni ẹ ti sọ fún pé kò gbọdọ̀ fi òróró kan táyà bọ́ọ̀sì yẹn? Kí ẹnì kan nínú yín sì pe Ìyá Bọ́sẹ̀ ní Sheffield, kó ṣàlàyé fún un ìdí tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò fi dé.