Ta Ló Ni Ọ́?

Kí bàbá tó ń fi àlòkù irin ṣe ère ní àdúgbò Houinmè tó jó irin kan mọ́ òmíràn, á kọ́kọ́ fi òòlù lù ú, á ní: “Ta ló ni ọ́?” Lójú tèmi, olè ló ń bi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mi ò rí irin àfẹsẹ̀tẹ̀ maṣíìnì ìránṣọ ìyá mi tó ti kú mọ́, ilé bàbá náà ni mo gbà lọ tààrà. Mo bá ère obìnrin kan tó tóbi tó èèyàn gidi, tó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi ti ìyá mi, tó fẹsẹ̀ tẹ irin náà.

“Bàbá, irin mi lẹ jí yẹn!”

Kò gbé òòlù sílẹ̀. “Òjò ló ń pa á lẹ́yìn ilé rẹ látìgbà tẹ́ ẹ ti sin ìyá rẹ. Mo bi í pé ta ló ni ín. Kò dárúkọ rẹ.”