Òmùwẹ̀ Tí Ọ̀rá Pọ̀ Nínú Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀

Ìsàlẹ̀ omi dáàmù ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Á gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ pọ̀n, á wọlé lọ yọ koríko tó dí ẹnu páìpù, kí omi lè dé ilé àwa ará Ìlọrin. Kò sí iṣẹ́ míì tó fẹ́ràn láyé.

Lọ́dọọdún, dókítà gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó wọ omi. Lọ́dún kan, ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, dókítà ní ọ̀rá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó fún un ní oògùn, ó ní kó yé jẹ ẹran ọlọ́ràá, kó padà wá kí wọ́n yẹ ọkàn rẹ̀ wò. Kò gbọ́dọ̀ wọ omi kó tó di ìgbà náà.

Nígbà tó délé, ó sọ fún mi pé, "Ọ̀rá ló ń gbà mí lọ́wọ́ òtútù nísàlẹ̀ omi. Ṣé o ti rí òmùwẹ̀ tó gbẹ bí igi rí?"

Ẹ gbọ́ àwáwí o! Iléyá wá dé. Ọ̀mù-Àrán la ti wá, ṣọ́ọ̀ṣì là ń lọ, ṣùgbọ́n gbogbo aládùúgbò wa ní Adéwọlé ló gbé ẹran wá. Ta ló máa kọ ẹran Iléyá? Ọkọ mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń kí wọn kú ọdún, ó ń jẹ ẹ̀gbẹ́ àgbò. Èmi àti ẹ̀ jà gan-an lórí ẹran náà.

Ọjọ́ àyẹ̀wò pé, mo tẹ̀ lé e. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn láyà, wọ́n ní kó máa gun àpótí kan, kó máa sọ̀ kalẹ̀. Kò pẹ́ tó fi di ògiri mú.

Dókítà bi í pé, "Ṣé àyà ti ń dì yín mú báyìí rí?"

Ó wò mí, ó gbójú sílẹ̀. "Nísàlẹ̀ omi ni. Ó ti lé lọ́dún kan. Tó bá dé, mo máa ń di irin ẹnu páìpù mú títí yóò fi lọ. Tí mo bá sọ, ẹ ò ní jẹ́ kí n wọ omi mọ́."

Yéè! A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Inú bí mi.

Dókítà ní ẹni tí àyà dì mú lórí ilẹ̀ lè jókòó, ẹni tó wà nísàlẹ̀ omi ńkọ́? Ó ní omi wíwọ̀ ti parí.

Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ láti so okùn bàtà rẹ̀, omijé ń kán sórí ọwọ́ rẹ̀. "Kí ni n ó wá máa ṣe báyìí?"

Mo kúnlẹ̀, mo gba okùn bàtà náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ ó wà láàyè ná."