Ènì Bàbá Huo-wang

Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ olóògbé Huo-wang ní ìlú wa Erlin, ọjọ́ tó bá dókítà nájà ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ. Bàbá ń tọ ẹ̀jẹ̀. Dókítà obìnrin náà ní ohun mẹ́ta ni àwọn máa ṣe: àwọn máa yẹ ìtọ̀ wò, àwọn máa ya àwòrán kíndìnrín, àwọn sì máa ti kámẹ́rà tíńtín kan wọ inú àpò ìtọ̀.

"Mẹ́ta ti pọ̀ jù," ni Huo-wang wí. "Ẹ jẹ́ ká ṣe é ní ẹyọ kan ààbọ̀."

"Ààbọ̀ kámẹ́rà kẹ̀, Bàbá?"

"Kó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó máa yọjú."

Àgbẹ̀ ni. Èso dírágónì ló ń gbìn, irú èyí tí inú rẹ̀ pupa bí osùn. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ yó, ìtọ̀ rẹ̀ á pupa lọ́jọ́ kejì, kò sì sí ẹni tíyẹn ń bà lẹ́rù lọ́dọ̀ wa. Oníbàárà kan ní Taipei ni kò mọ̀, ló bá figbe ta lórí fóònù pé òun ń kú lọ.

"O ò kú," ni Huo-wang dá a lóhùn. "Èso mi ló dára. Páálí mélòó ni kí n tún fi ránṣẹ́?"

Ọ̀gbẹ́ni náà ra méjì.

Ìdí nìyẹn tí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀ nígbà tí ìtọ̀ tirẹ̀ pupa lẹ́yìn ọdún tuntun. A-Luan ìyàwó rẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

"Bàbá Chi-ming, èso ti tán lóko láti oṣù kọkànlá."

"Mo jẹ èyí tó wà nínú fìríìjì."

"Irọ́ lẹ ń pa. Èmi ni mo jẹ ẹ́!"

"Bí mo bá ń tọ̀, kò kúkú dùn mí."

A-Luan ò tún bá a jiyàn mọ́. Ó gbé e sẹ́yìn alùpùpù, Bàbá sì ráhùn títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn.

Dókítà ò dín nǹkan kan kù níbẹ̀. "Bàbá, ó lè jẹ́ òkúta inú kíndìnrín. Ó lè jẹ́ kòkòrò ló wọ ọ̀nà ìtọ̀, tàbí ohun tó máa ń wú lára àwọn àgbà ọkùnrin. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí kì í dunni, lára ẹni tó ti ń fa sìgá láti ogójì ọdún, a kì í fojú díwọ̀n rẹ̀."

Huo-wang wo ìyàwó rẹ̀. Omi ti lé ròrò sójú A-Luan. Ni ọkùnrin yìí bá ra ọjà ní iye tí wọ́n pè é, ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀.

"Ó dáa, mo gbà á ní mẹ́ta. Kí ni ènì mi?"

"Ọdún díẹ̀ sí i, Bàbá, tá a bá tètè rí i."

Wọ́n rí i: kókó jẹjẹrẹ kékeré kan nínú àpò ìtọ̀. Wọ́n gé e kúrò. Bàbá fi sìgá sílẹ̀, kò pa ọjọ́ àyẹ̀wò kankan jẹ, ó sì gbé pátákó síwájú ìsọ̀ rẹ̀: "Èso mi a máa sọ ìtọ̀ di pupa fún ọjọ́ méjì. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, tàbí tí ẹ ò bá jẹ ẹ́ rárá, ẹ má purọ́ mọ́ èso mi. Ẹ lọ rí dókítà."

Ọdún mọ́kànlá ni ènì náà.

Lọ́jọ́ ìrántí ikú rẹ̀ lóṣù kẹjọ, a tún ìtàn kámẹ́rà sọ, a rẹ́rìn-ín títí. A-Luan to èso mẹ́ta síwájú àwòrán ọkọ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó mú kékeré kan, ó fi kún un.

"Màámi," ni Chi-ming ọmọ rẹ̀ wí, "ẹ mọ̀ pé mẹ́rin kì í wọ orí tábìlì òkú." Lédè wa, bí mẹ́rin ṣe ń dún ni ikú ń dún.

"Mẹ́ta ni mo kà," ni A-Luan dá a lóhùn. "Ènì ni èyí. Ṣé bàbá yín á gbà láìsí i ni?"

A tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àárò rẹ̀ sọ wá gan-an.